Ilé Pọ́ǹpù Omi Ẹ̀gbin: Kí Ló Yẹ Kí Ìlú Kọ́kọ́ Tún Ṣe?

Bí ìlú kan bá fẹ́ sọ ilé pọ́ǹpù tí ń gbé omi ẹ̀gbin rẹ̀ lọ dọ̀tun, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn aláṣẹ ni pé báwo ni pọ́ǹpù tuntun náà yóò ṣe tóbi tó. Èèyàn ti pọ̀ sí i, òjò ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká lọ ra ẹ̀rọ ńlá. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New York àti New Jersey lọ́dún 2012, ní agbègbè New Orleans lọ́dún 2005 àti 2017, àti ní London láti ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, yóò rí i pé àìtóbi pọ́ǹpù kọ́ ló sábà ń dójú ti ìlú lọ́jọ́ ìjì. Iná ló ń kú. Pátákó iná tí wọ́n kàn mọ́ ògiri nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni omi ń bò. Páìpù tó ti sán ni òjò ń gbà wọlé. Òṣìṣẹ́ tó mọ ẹ̀rọ náà tinú-tẹ̀yìn ni wọ́n ní kó sá. Èrò mi nínú àgbéyẹ̀wò yìí ni pé àwọn ibi wọ̀nyí ló yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ, kó tó kan pọ́ǹpù ńlá. Ìlú tó bá dorí ètò náà kodò, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò san owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Omi ilé ìwẹ̀, ti ilé ìdáná àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń ṣàn fúnra rẹ̀ nínú páìpù tí wọ́n tẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sínú ilẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, bíi etí òkun, páìpù náà á máa jìn sí i bó ṣe ń lọ, títí yóò fi jìn débi tí kò ní ṣeé gbẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ilé pọ́ǹpù sí. Omi á bọ́ sínú kànga ńlá kan. Asẹ́ onírin á gba àkísà, igi àti láílọ́ọ̀nù dúró. Bí omi bá ga dé àmì kan, pọ́ǹpù á tan, á sì ti omi náà gba inú páìpù tó kún dẹ́nu gòkè lọ, títí dé ibi tí yóò tún ti lè máa ṣàn fúnra rẹ̀, tàbí títí dé ilé ìtọ́jú omi ẹ̀gbin níbi tí wọn yóò ti fọ̀ ọ́ mọ́ kí ó tó wọ odò. Èyí túmọ̀ sí pé ibi tó rẹlẹ̀ jù ládùúgbò ni ilé pọ́ǹpù máa ń wà. Ibẹ̀ kan náà ni àgbàrá òjò àti omi òkun ń wá nígbà ìjì. Ẹ̀rọ tí gbogbo ìlú gbójú lé lọ́jọ́ ìjì ló jókòó síbi tí omi yóò kọ́kọ́ dé. Gbogbo ìṣòro yòókù, láti ara èyí ló ti ń jáde.

Oríṣi ètò méjì ló wà. Nínú èkíní, páìpù òjò wà lọ́tọ̀, ti omi ẹ̀gbin wà lọ́tọ̀. Nínú èkejì, tó wọ́pọ̀ ní àwọn ìlú tó ti pẹ́ bíi àárín gbùngbùn London àti nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún New York, páìpù kan náà ló ń gbé méjèèjì. Bí òjò bá rọ̀ níwọ̀nba, kò séwu. Bó bá pọ̀ ju ohun tí páìpù lè gbé lọ, wọ́n ti ṣí ihò sílẹ̀ létí odò tí àdàlù òjò àti ẹ̀gbin yóò gbà tú jáde, kí ó má baà padà sẹ́yìn wọ ilé àwọn èèyàn. Àwọn tó kọ́ ètò náà nígbà náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: wọ́n yàn kí ẹ̀gbin wọ odò ju kí ó wọ yàrá lọ. Ohun tí wọn kò lè mọ̀ ni iye ìgbà tí ihò náà yóò máa tú lọ́dọọdún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kú.

Ní London ni ìtàn náà ti hàn jù. Nígbà ooru ọdún 1858, odò Thames rùn débi pé wọ́n ń rẹ aṣọ fèrèsé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sínú oògùn apakòkòrò kí àwọn aṣòfin tó lè jókòó. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn náà tí wọ́n fi fọwọ́ sí owó tí ẹnjiníà Joseph Bazalgette ti ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ó tẹ́ páìpù ńláńlá tí wọ́n fi bíríkì mọ káàkiri ìlú, ó sì kọ́ ilé pọ́ǹpù ńlá tó ń lo ẹ̀rọ tí oru omi gbígbóná ń yí: Crossness ní gúúsù odò, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1865, àti Abbey Mills ní àríwá, tó parí lọ́dún 1868. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí, lọ́dún 1866, àrùn onígbáméjì padà wọ London. Ibi tó ti pa èèyàn jù ni ìlà oòrùn ìlú, ní àwọn àdúgbò tí páìpù ti dé ṣùgbọ́n tí Abbey Mills kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fami fún. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn tó kú. Páìpù wà nílẹ̀, ilé pọ́ǹpù ni kò tíì parí. Kò sí ẹ̀rí míì tó fi iṣẹ́ ilé pọ́ǹpù hàn kedere tó èyí.

Crossness ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, lẹ́bàá Thamesmead àti Abbey Wood, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ibùgbé. Ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ lè lọ wo ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní Prince Consort, èyí tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tún ṣe títí ó fi tún ń yí. Ó yẹ ní wíwò. Bazalgette ro ti ọjọ́ iwájú, ó fi àyè sílẹ̀ fún èèyàn tó ju àwọn tó wà nígbà ayé rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n London ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́sàn-án èèyàn báyìí. Àwọn ihò etí odò tó yẹ kó máa tú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í tú lẹ́yìn òjò wẹ́wẹ́. Wọ́n ṣírò àdàlù tó ń tú jáde náà sí nǹkan bí 39 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún kan. Ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Thames Tideway, tó gùn ní kìlómítà 25, tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 7.2, ni wọ́n gbẹ́ láti gba omi yẹn dúró kí pọ́ǹpù tó wà ní Beckton lè máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 2025 ni wọ́n so ojú ihò tó kẹ́yìn mọ́ ọn. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n ná owó bílíọ̀nù lé lórí: àyè tí omi yóò ti dúró de pọ́ǹpù ni.

Ìjì Sandy ni ẹ̀kọ́ kejì, òun ló sì kan ọ̀rọ̀ wa jù. Alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2012 ló gúnlẹ̀ sí New Jersey. Omi òkun ga dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 14 ní Battery, ní ìparí ilẹ̀ Manhattan. New York ní ilé ìtọ́jú omi ẹ̀gbin 14 àti ilé pọ́ǹpù 96. Mẹ́wàá nínú ilé ìtọ́jú náà àti 42 nínú ilé pọ́ǹpù ló bàjẹ́ tàbí tí iná kú mọ́ lórí. Ilé ìwádìí Climate Central ṣírò rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e pé nǹkan bí bílíọ̀nù 11 gálọ̀nù omi ẹ̀gbin ló wọ odò àti òkun ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjì náà kàn, èyí tí wọn kò fọ̀ rárá àti èyí tí wọ́n fọ̀ ní àbọ̀. Ní Newark, níbi tí ilé ìtọ́jú Passaic Valley ti ń gba omi ẹ̀gbin èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan, omi òkun ya wọ àwọn ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tí wáyà àti páìpù gbà kọjá. Nǹkan bí 840 mílíọ̀nù gálọ̀nù ẹ̀gbin tútù ló jáde láti ibẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn pọ́ǹpù tí ìjì yẹn dá dúró ni kò kéré. Ohun tó ń yí wọn ló wà lábẹ́ omi.

Ìjì kan náà ló fi ohun kan hàn ní ilé ìwòsàn Bellevue ní Manhattan tí gbogbo ẹni tó ń ya àwòrán ilé pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ há sórí. Jẹnẹrétọ̀ ibẹ̀ wà lókè, ní àjà kẹtàlá. Ẹnikẹ́ni á rò pé ọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tó ń gbé díísù gòkè lọ bá a wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, omi sì bò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ àti sójà tò sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń gba díísù lọ́wọ́ ara wọn láti ìsàlẹ̀ títí dókè kí jẹnẹrétọ̀ má baà kú. Bí a bá gbé ohun mẹ́sàn-án sókè tí a fi ẹ̀kẹwàá sílẹ̀, ẹ̀kẹwàá náà ni omi yóò bá.

Ìdí nìyí tí mo fi ka ètò tí ẹ̀ka omi New York gbé jáde lóṣù Kẹwàá ọdún 2013 sí iṣẹ́ tó dára jù tí ìlú ńlá kan ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọn kò wọn gíga ilé lódindi. Wọ́n wọ ilé kọ̀ọ̀kan lọ, wọ́n wọn gíga mọ́tò tó ń yí pọ́ǹpù, gíga pátákó iná, gíga ẹnu ọ̀nà, fèrèsé àti ihò tí wáyà gbà wọlé. Wọ́n fi iye yìí wé gíga omi ìjì tí kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ pé ó lè wá lọ́dún kan, wọ́n sì fi 30 íǹṣì kún un nítorí òkun tó ń ga sí i. Wọ́n rí i pé gbogbo ilé ìtọ́jú 14 àti 58 nínú ilé pọ́ǹpù 96 ló wà nínú ewu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá yan ohun tó tọ́ sí ohun èlò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí wọ́n gbé pátákó iná lọ sókè níbi tí ó bá ṣeé ṣe. Níbi tí kò bá ṣeé ṣe, ilẹ̀kùn tí omi kò lè gbà kọjá. Fún mọ́tò tó gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, kí wọ́n ra irú èyí tó lè máa ṣiṣẹ́ bí omi tilẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Iye tí wọ́n ṣírò fún gbogbo rẹ̀ ni 315 mílíọ̀nù dọ́là, láti dáàbò bo ohun èlò tí iye rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là.

Ẹ fi owó yẹn wé ti ibòmíì. Ní Bay Park, ní agbègbè Nassau lórí Long Island, ilé ìtọ́jú kan ṣoṣo ni òkun bò mọ́lẹ̀ lálẹ́ Sandy. Ẹ̀gbin padà sẹ́yìn wọ ilé àwọn èèyàn, ó sì jáde sí ojú títì. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2014, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí 810 mílíọ̀nù dọ́là láti tún un ṣe, kí wọ́n sì gbé e lékè omi. Iṣẹ́ méjèèjì kò dọ́gba, mo mọ̀. Ti Bay Park ní àtúnkọ́ nínú, ti New York jẹ́ ìdáàbòbò. Síbẹ̀, ilé kan lẹ́yìn ìparun gba owó tó ju ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ṣírò fún ààbò odindi ìlú New York. Owó tó ń jáde lẹ́yìn ìjì máa ń yá ju èyí tó ń jáde ṣáájú rẹ̀ lọ, torí pé ojú ti rí ìparun náà. Èyí dùn mí.

Ó wá ku ìwọ̀n pọ́ǹpù fúnra rẹ̀, nítorí èèyàn ń pọ̀ sí i lóòótọ́, ilé alájà púpọ̀ sì ń rọ́pò ilé alájà kan. Ẹni tó bá ń rọ epo sínú ìgò ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ̀ pé bí agbè rẹ̀ ti wù kó tóbi tó, ọrùn ìgò ló ń pinnu bí epo yóò ṣe wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni páìpù tí pọ́ǹpù ń ti omi gbà. Bí a bá fẹ́ kí omi inú páìpù kan di ìlọ́po méjì, agbára tí ara páìpù náà yóò jẹ mọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ lórí omi kọ̀ọ̀kan á di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ìlú tó ra pọ́ǹpù tuntun tí kò pààrọ̀ páìpù àtijọ́ ti ra iná tí yóò máa jó lásán. Bí ó bá tilẹ̀ pààrọ̀ páìpù, ìbéèrè ṣì kù: ṣé ilé ìtọ́jú tó wà níwájú lè gba omi náà? Bí kò bá lè gbà á, ńṣe ni a kàn gbé omíyalé kúrò ní àdúgbò kan lọ fún àdúgbò kejì.

Àìsàn pọ́ǹpù tó tóbi jù tún wà, èyí tí àwọn aláṣẹ kì í fẹ́ gbọ́. Lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀, ní aago mẹ́ta òru, omi tó ń wọ kànga kò ju díẹ̀ lọ. Pọ́ǹpù ńlá á fà á tán kíá, á kú, á tún tan, á tún kú. Títan lemọ́lemọ́ yìí ló ń jó mọ́tò. Omi tó sì dúró pẹ́ nínú páìpù gbọọrọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ohun tí àwọn ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n á to pọ́ǹpù mélòó kan jọ tí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba: kékeré fún òru, àárín fún òwúrọ̀ tí gbogbo èèyàn ń wẹ̀, ńlá fún òjò. Wọ́n á so ẹ̀rọ tó ń dín eré pọ́ǹpù kù mọ́ ọn. Níbi tó jẹ́ pé ara páìpù ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára, bí eré bá di ìdajì, iná tí yóò jẹ lè dín dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Òfin kan tó lágbára ní Amẹ́ríkà, tó sì yẹ kí gbogbo ayé gbà, ni pé agbára ilé pọ́ǹpù ni iye omi tó lè gbé nígbà tí èyí tó tóbi jù nínú àwọn pọ́ǹpù rẹ̀ bá kú. Ẹni tó bá ka gbogbo pọ́ǹpù pọ̀ nínú ìṣírò rẹ̀ ń tan ìlú jẹ.

Ṣùgbọ́n níbo ni omi òjò tó ń kún kànga náà ti ń wá gan-an, ní ìlú tí páìpù òjò àti ti ẹ̀gbin wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Ó ń gba ojú ibi tí páìpù ti sán, níbi tí gbòǹgbò igi ti ya á. Ó ń gba ìdérí ihò ojú títì tí kò dé dáadáa. Ó ń gba páìpù òrùlé tí onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ so mọ́ páìpù ẹ̀gbin nítorí kò fẹ́ kí omi dúró lágbàlá òun. Lọ́jọ́ òjò, ilé pọ́ǹpù tí wọ́n kọ́ fún omi ẹ̀gbin nìkan lè máa gba ìlọ́po mélòó kan ohun tó ń gbà lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wá ihò wọ̀nyí kò nira: wọ́n á fẹ́ èéfín tí kò léwu sínú páìpù, wọ́n á sì máa wo ibi tí yóò ti yọ, lórí òrùlé, nínú koríko, lábẹ́ ògiri. Wọ́n á rán kámẹ́rà wọnú páìpù, wọ́n á sì fi àwọ̀ tuntun bo inú rẹ̀ láìgbẹ́ ojú títì. Iṣẹ́ yìí kò ní ọjọ́ ìṣílé, kò sí olóṣèlú tí yóò gé ríbọ́ǹnù lórí páìpù tí wọ́n dí. Síbẹ̀ omi tí kò wọlé rárá kò nílò pọ́ǹpù, kò nílò iná, kò sì nílò ìtọ́jú.

Fún àwọn ìlú tó jẹ́ pé òjò àti ẹ̀gbin jọ ń lo páìpù kan, ìjì Ida fi ààlà ohun tí pọ́ǹpù lè ṣe hàn. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, òjò tó rọ̀ ní Central Park láàárín wákàtí kan péré tó íǹṣì 3.15. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kọ́ páìpù New York ni íǹṣì 1.75 fún wákàtí kan. Omi yẹn kò tilẹ̀ lè dé ibi tí pọ́ǹpù wà. Ojú títì ló ti kún. Èèyàn 13 ló kú nínú ìlú náà, 11 nínú wọn sì wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan ń háyà. Afẹ́fẹ́ tó gbóná máa ń gbé omi sí i, nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún fún ìwọ̀n ooru Celsius kan, nítorí náà irú òjò yìí yóò tún wá.

Hoboken, ìlú kékeré tó kọjú sí Manhattan ní òdìkejì odò Hudson, ló ti dáhùn ìbéèrè yìí lọ́nà tó tẹ́ mi lọ́rùn jù. Àárín ìlú náà tẹ̀ bíi kòtò, páìpù rẹ̀ sì jẹ́ alápapọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbà pé pọ́ǹpù ni ọ̀nà àbáyọ: wọ́n fi pọ́ǹpù ìgbà òjò àkọ́kọ́ sí i lọ́dún 2011, wọ́n sì fi èkejì sí i lọ́dún 2016. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láàárín wọn ni Sandy ti dé, tí omi bo apá púpọ̀ nínú ìlú náà, wọ́n sì rí i pé pọ́ǹpù nìkan kò tó. Pẹ̀lú owó 230 mílíọ̀nù dọ́là tí ìjọba àpapọ̀ yàn fún iṣẹ́ náà lọ́dún 2014, wọ́n pín ètò wọn sí mẹ́rin: kí wọ́n dá òkun dúró, kí wọ́n dẹ òjò lẹ́sẹ̀, kí wọ́n fi omi pamọ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá tú u jáde. Pọ́ǹpù ló gbẹ̀yìn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣí lọ́dún 2023, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó éékà márùn-ún, lè gba nǹkan bí mílíọ̀nù méjì gálọ̀nù omi òjò pamọ́ lábẹ́ pápá tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, tí ọ̀nà rélùwéè abẹ́lẹ̀ New York kún fún omi, láàárín wákàtí mélòó kan ni omi ti fà kúrò ní ọ̀pọ̀ jù lọ òpópónà Hoboken.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé pọ́ǹpù, torí pé ìwé ètò kì í sábà dárúkọ wọn. Omi ẹ̀gbin tó dúró pẹ́ nínú páìpù tí afẹ́fẹ́ kò dé máa ń yọ gáàsì kan tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Níbi tó bá ti kan ògiri kọnkéré tó tutù, kòkòrò tín-ń-tín á sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì náà á sì máa jẹ sìmẹ́ńtì. Ìdí nìyẹn tí òrùlé kànga fi ń wó láìròtẹ́lẹ̀. Fún èèyàn, ewu rẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí gáàsì náà bá pọ̀, imú kò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Òṣìṣẹ́ á rò pé ó ti lọ, á wọlé, á ṣubú. Ẹni tó bá sáré wọlé lọ gbé e náà á ṣubú tẹ̀ lé e. Ilé pọ́ǹpù tí wọ́n bá sọ dọ̀tun láìfi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ àti ẹ̀rọ tó ń ké nígbà tí gáàsì bá wà sí i, wọn kò sọ ọ́ dọ̀tun. Ti àkísà àti ọ̀rá kò nílò àlàyé púpọ̀: ní Whitechapel ní London, lọ́dún 2017, wọ́n bá epo tó dì pọ̀ mọ́ wáìpù tí wọ́n fi ń nu ìdí ọmọ nínú páìpù, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 130, ó sì gùn tó mítà 250. Àwọn òṣìṣẹ́ ló gé e jáde.

Lọ́dún 2005, bí ìjì Katrina ṣe ń bọ̀, wọ́n kó àwọn tó ń darí pọ́ǹpù Jefferson Parish, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ New Orleans, lọ sí ibi tó jìnnà tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún máìlì. Wọ́n ṣe é láti gba ẹ̀mí wọn là. Pọ́ǹpù dákẹ́, omi wọ ilé àwọn èèyàn, kò sì sẹ́ni tó wà nítòsí láti tan án. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni pé wọ́n kọ́ yàrá tó lágbára, tó ga, tí ìjì kò lè wó, sí àwọn ilé pọ́ǹpù, kí òṣìṣẹ́ lè dúró ti ẹ̀rọ láìfi ẹ̀mí rẹ̀ wewu. Èyí ni mo pè ní àtúnṣe gidi. Ní New Orleans fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, òjò lásán ló rọ̀, kì í ṣe ìjì, ìlú sì kún fún omi. Wọ́n wá rí i pé ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù ni kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún wọn sì ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú pọ́ǹpù ibẹ̀ ń lo irú iná àtijọ́ kan tí kò bá èyí tí gbogbo Amẹ́ríkà ń lò mu, nítorí náà wọn kò lè gba iná láti ojú títì tààrà. Pọ́ǹpù wọ̀nyẹn wà lára èyí tó tóbi jù láyé. Ó tóbi, kò sì tan.

Iṣẹ́ àtúnṣe ní ìṣòro tirẹ̀, pé omi ẹ̀gbin kì í sinmi kí kọ́ńtíráktọ̀ tó parí. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé pọ́ǹpù onígbà díẹ̀ wá sójú títì, kí ó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún oṣù mélòó kan, nígbà míì ju ọdún kan lọ, kí wọ́n sì yẹra fún àkókò òjò. Ariwo rẹ̀ àti òórùn rẹ̀, àwọn ará àdúgbò ló ń fara dà á. Ó yẹ kí wọ́n sọ fún wọn ṣáájú.

Èkó ńkọ́? Ìlú náà ti rìn jìnnà sí ìgbà àwọn agbépòó, ṣùgbọ́n kò tíì ní páìpù ẹ̀gbin tó so ilé mọ́ ilé ní ọ̀pọ̀ jù lọ àdúgbò. Sókáwéè ni kálukú ń gbẹ́, bẹ́ẹ̀ omi ilẹ̀ kò jìn rárá ní Victoria Island àti Lekki. Festac, tí wọ́n kọ́ fún àjọ̀dún ọdún 1977, ní páìpù ẹ̀gbin tirẹ̀, ṣùgbọ́n ètò náà ti dẹnu kọlẹ̀ nítorí àìsí ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gbin fi ń tú u sínú ọ̀sà ní Iddo. Àgbàrá òjò náà ń dúró nínú gọ́tà nígbà tí ọ̀sà bá ga, títí omi ọ̀sà yóò fi fà. Nítorí ìyẹn ni ìjọba Èkó fi ń sọ ọ́ pé òun fẹ́ kọ́ ilé pọ́ǹpù sí àwọn ibi tó rẹlẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni ti iná, nítorí ìlú yìí mọ̀ ju New York lọ bí iná ṣe ń lọ. Kí wọ́n tó da kọnkéré ìpìlẹ̀ ilé pọ́ǹpù kan ṣoṣo, ó yẹ kí ìwé iṣẹ́ náà ti sọ bí ibi tí pátákó iná yóò wà yóò ṣe ga tó, iye ọjọ́ tí díísù tó wà nílẹ̀ yóò fi gbé jẹnẹrétọ̀ láìsí ọkọ̀ tó lè kọjá lójú títì, ẹni tí yóò máa kó láílọ́ọ̀nù kúrò nínú asẹ́ ní gbogbo òwúrọ̀ ìgbà òjò, àti ọ́fíìsì tí wọ́n ti ya owó ìtọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún, láti ọdún kìíní títí dé ọdún kẹwàá.